Èmi Ni Mo Lẹ Ìbàdí Típà

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fídíò yìí, ẹ kú ìjókòó. Bí ẹ bá ti ń tẹ̀ lé ojú òpó ẹgbẹ́ wa tipẹ́, ẹ mọ ojú mi. Èmi ni Alàgbà Fọlọ́runṣọ́, mẹkáníìkì ọ̀kadà ní Odode Ìdànrè. Èmi náà ni ẹ máa ń rí lórí àga yìí, níwájú ilé Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà, tí mò ń yẹ rọ́bọ́ọ̀tì wò, tí mò ń sọ èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Lónìí, ẹnu mi nìkan ni mo gbé wá. Irọ́ kan wà tí mo pa níbí, lójú gbogbo ayé, ó sì ti pẹ́ nínú mi. Òtítọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde, ẹnu tó pa irọ́ náà ni yóò sì sọ ọ́. Ẹ má rò pé ọwọ́ bà mí ni o. Bí mo bá fẹ́ gbé e wọ sàréè, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀, nítorí iṣẹ́ mi máa ń mọ́, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ burúkú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ lè mọ ohun tí mò ń dáàbò bò nígbà tí mo purọ́. Èmi ni mo kó rọ́bọ́ọ̀tì wọ ìlú yìí. Kì í ṣe èyí tó kàn ń dúró gbagidi bíi bèbí ni mò ń wí o, èyí tó ń yí padà ni, tó jẹ́ pé mọ́tò ni, bí o bá fa apá rẹ̀ síta, tí o na ẹsẹ̀ rẹ̀, tí o yí àyà rẹ̀ sẹ́yìn, ó di ènìyàn. Inú ẹrù òkìrìkà ni mo ti rí àkọ́kọ́, ní Àkúrẹ́, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Bàtà ni mo lọ rà. Mo rí mọ́tò pupa kékeré kan láàárín bàtà, mo gbé e, mo ń yí taya rẹ̀ lọ́wọ́, ni orí ènìyàn bá yọ láti inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mi ò ra bàtà mọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kó wọn jọ. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Faith, ṣé ẹ̀yin lẹ bí Faith ni àbí Faith ló bí yín?" Àwọn ará ìjọ ní alàgbà ń fi bèbí ṣeré. Mo ní kí káfíńtà kan kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì fún mi, mo tò wọ́n sínú rẹ̀, mo sì ń nu eruku ara wọn. Lónìí ńkọ́? Àwọn tó ń fi mí rẹ́rìn-ín nígbà náà ló ń mú àlejò wọn wá wò ó. Bí ẹ bá gun òkè wa tán tí ẹ ò yà lọ́dọ̀ mi, ẹ ò tíì rí Ìdànrè tán. Mo sọ ọ́, mi ò sì ní kó o jẹ.

Nígbà tó yá, a di ẹgbẹ́. Adésànyà, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ni alága wa. Olúlékè tó ń ra kòkó ní Aládé wà níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ń wá láti Atosin. Bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ ìsinmi, ìhín la máa ń kóra jọ sí. Àṣà wa ni pé bí rọ́bọ́ọ̀tì tuntun bá dé, a ó kọ́kọ́ jiyàn lé e lórí títí ọ̀fun wa yóò fi gbẹ, lẹ́yìn náà a ó yí i lójú fóònù. Bó bá yege, a ó sọ ọ́ lórúkọ Yorùbá, a ó sì fi ẹ̀bà jẹ ẹran ìgbẹ́ lé e. Ọ̀kan wà tó ń di bàálù, Àṣá là ń pè é. Ọ̀kan ń di ọkọ̀ akérò, Gbérò ló ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ tèmi ló máa ń kẹ́yìn. Ẹni tó ń ta á ní Àkúrẹ́ kì í kó èyí tí mo bá bú. Wọ́n fún mi lórúkọ, wọ́n ń pè mí ní Ọwọ́ Kì Í Tàsé. Bí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀, ara mi máa ń yá gágá.

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwapamílẹ́rìn wọ ẹgbẹ́. Pamílẹ́rìn là ń pè é. Ó ń tún fóònù ṣe ní Aládé, kò sì dàgbà ju Faith ọmọ mi lọ. Bàbá rẹ̀ wá láti ìhà Ìwó, oko kòkó olóko ló ń bá wọn ṣe ní Atosin, tí wọ́n sì ń pín èso. Ọmọ náà mọ iṣẹ́. Ìka rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ ríran, ẹnu rẹ̀ sì mú. Lọ́jọ́ kìíní tó wá, mò ń yí Àṣá lójú gbogbo ènìyàn, ìyẹ́ rẹ̀ kan há, ó sì sọ wẹ́rẹ́ pé, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fà á sí." Mo fà á sẹ́yìn, ó ṣí. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọmọ dáadáa ni, àmọ́ inú mi ò dùn rárá.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni Típà dé. Tuntun ni, kò sẹ́ni tó ní i ní gbogbo Ìdànrè àyàfi Pamílẹ́rìn. Àwọ̀ ìyeyè ni, típà akókùúta gan-an, irú èyí tó ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá lójoojúmọ́. Bí ó bá yí padà, agbada ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń kó òkúta a di asà lọ́wọ́ rẹ̀. Pamílẹ́rìn ya fídíò kékeré kan, ó fi hàn bó ṣe jẹ́ típà, lẹ́yìn náà bó ṣe dúró bí ènìyàn, ó ní òun ò rí èyí tó ṣeé fi ṣeré tó o rí. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Olúlékè ní oríkèé rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó ní òun fẹ́ èyí tí òun lè yí pẹ̀lú ọwọ́ kan nígbà tí àwọn ọmọṣẹ́ òun bá ń wọn kòkó. Adésànyà ní òun ti ka ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n lókè òkun kọ, pé àwọn kan ní ó rẹwà ṣùgbọ́n kò ṣeé fi ṣeré, àwọn kan sì ní ó ṣeé fi ṣeré ṣùgbọ́n kò rẹwà. Pamílẹ́rìn ní, "Ohun tí ojú ẹlòmíì rí lẹ̀ ń kà fún wa, ọ̀gá. Òun náà nìyí lórí tábìlì. Ẹ gbé e."

Wọ́n wojú mi. Mo wúkọ́. Mo ní orí rẹ̀ kéré, mo ṣì dúró lórí ìyẹn. Mo wá ní, "Nǹkan ìṣeré tó bá gba ìrònú kì í ṣe nǹkan ìṣeré mọ́, ìdánwò ilé ìwé ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín, Olúlékè lu tábìlì. Ọmọbìnrin yìí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ìrònú yẹn gan-an leré. Èyí tó bá rọrùn jù, ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó yí i, ó di inú kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo tiyín, inú gíláàsì ni wọ́n wà. Ìgbà wo lẹ fi wọ́n ṣeré kẹ́yìn?" Olúlékè ní, "Ó bá a o." Mo ní kó gbé Típà fún mi, kí n gbé e lọ sílé lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí n lè sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ní ìsinmi tó ń bọ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó fi páálí rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ bí a ti kọ́ ọmọ gidi. Ó ní, "Bàbá, ẹ má fipá yí ìbàdí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fà á síta díẹ̀, kẹ́ ẹ tó yí i." Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó ń dún létí mi ni ohùn Olúlékè.

Mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán kan tí kò sí oníbàárà. Mo fa apá, apá jáde. Mo yí àyà, àyà yí. Mo dé ìbàdí, ó kọ̀. Mo tún un ṣe, ó kọ̀. Ẹ wò ó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ìyàwó mi pàápàá. Ìka mi ti ki. Sípánà tí mo ti ń dì mú láti kékeré ti ba oríkèé ọwọ́ mi jẹ́, àwọn rọ́bọ́ọ̀tì tí mo sì ń yí lójú yín, àwọn tó ti mọ́ mi lọ́wọ́ láti ọdún gbọ́nhan ni. Tuntun ti ń le fún mi tipẹ́. Bí ó bá ti le, mo ti mọ ohun tí mo máa sọ, mo máa ní kò ṣeé fi ṣeré. Ẹ̀yin rò pé rọ́bọ́ọ̀tì ni mò ń dá lẹ́jọ́, ìka ara mi ni mò ń gbèjà.

Nínú ìjọ wa, kò sí nǹkan tuntun tí a kì í ta òróró sí. Ọ̀kadà tuntun, a ó gbé e wá, òróró. Maṣíìnì ìránṣọ, òróró. Ní iṣẹ́ mi náà, ohun tó bá ti há, òróró ni. Ẹ̀sìn mi àti iṣẹ́ mi fohùn ṣọ̀kan lórí òróró, ta ni mí tí n ó bá wọn jiyàn? Mo mú ìgò òróró ìyàsímímọ́ tí mo máa ń gbé sí ṣọ́ọ̀bù, mo ta á sí ìbàdí Típà lọ́tùn-ún lósì, mo gbàdúrà, mo ní kí gbogbo ohun tó bá dì kó tú. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo gbà á láti inú ọkàn mi ni. Mo gbé e sí oòrùn kí òróró náà lè wọlé dáadáa. Mi ò mọ̀ pé irú ike yẹn kì í fẹ́ òróró, pé òróró máa ń jẹ ẹ́ láti inú. Nígbà tí mo padà gbé e tí mo fi gbogbo agbára yí i, ó ní kẹ̀n. Ìbàdí rẹ̀ là, ó là dé itan.

Títí débẹ̀ yẹn, àṣìṣe ni. Ẹ̀ṣẹ̀ kò tíì wọ̀ ọ́. Aládé kò jìnnà, ọ̀kadà sì kún ọwọ́ mi. Mo lè gùn ún, kí n dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, kí n ní, "Mo fọ́ ọ, ọmọ mi, jọ̀wọ́." Ọ̀rọ̀ tí kò gùn. Ẹnu mi tó ń sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo ìjọ kò lè gbé e. Mo rò ó pé wọn yóò ní Ọwọ́ Kì Í Tàsé ti tàsé. Mo bá mú súpà gúlù. Mo nu òróró náà dáadáa, mo ta gúlù sí ibi tó là, ó sì ṣàn wọ inú oríkèé, ó dì pa. Mo fi bíléèdì fá èyí tó yọ sójú, mo fi àkísà dán an. Bí ẹ bá gbé e, ẹ ó ní bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá nìyẹn. Kí Ọlọ́run foríjì mí, mo jókòó, mo wò ó, inú mi dùn sí bó ṣe mọ́.

Ọjọ́ ìsinmi dé. Láti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti wá tààrà, aṣọ funfun ìsìn ṣì wà lọ́rùn mi. Wọ́n tan fóònù. Mo gbé páálí náà kalẹ̀, mo ní, "Pamílẹ́rìn, ìwọ lo ni í, ìwọ ni kí o yí i fún wa." Ó gbé e tìdùnnú-tìdùnnú. Ó fa apá, ó yí àyà, ó dé ìbàdí, ó dúró. Ó tún ọwọ́ gbé. Mo rí i tó gbé e súnmọ́ imú, ó sì wojú mi. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ti lẹ nǹkan yìí." Mo ní, "Ta ló lẹ̀ ẹ́?" Ó ní, "Ọ̀dọ̀ yín ló wà." Ariwo sọ. Mo gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Ohun tí mo sọ ẹ ti gbọ́ ọ nínú fídíò ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kí ojú lè tì mí. Mo ní, "Mo fi aṣọ tó wà lọ́rùn mi yìí búra, mi ò yọ ọ́ nínú páálí, iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, ìbàdí rẹ̀ kì í yí, kò sì yí rí. Ọmọ yìí ò yí i rí. Típà ló kọ́kọ́ yà, ó gé fídíò, ó wá lọ ya àwòrán rọ́bọ́ọ̀tì láti ibòmíràn, ó so wọ́n pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí ibi tó ti ń yí i." Òótọ́ ni pé ibi tó ti ń yí i kò sí nínú fídíò rẹ̀, ó gé e kó lè kúrú. Ihò tó ṣí sílẹ̀ nìyẹn, mo sì gba ibẹ̀ wọlé.

Wọ́n gbà mí gbọ́. Ta ni kò ní gbà mí gbọ́? Olúlékè ní, "Háà, ọmọ yìí." Adésànyà yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ níbẹ̀, ó ní a kì í gba ayédèrú láyè. Fídíò náà lọ káàkiri. Àwọn ènìyàn ní Aládé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹni tó lè purọ́ nítorí bèbí, ṣé kò ní pààrọ̀ inú fóònù àwọn? Wọ́n ń gbé fóònù wọn kọjá iwájú rẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń ròyìn rẹ̀ fún mi rò pé inú mi yóò dùn, mo sì jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀.

Èyí tó burú jù ló kù. Bàbá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti Atosin, ẹrẹ̀ oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ó sì ń pè mí ní ẹ̀yin. Ó ní, "Alàgbà, ẹ̀yin lonílẹ̀, àlejò ni wá. Àlejò kò ní nǹkan méjì ju orúkọ lọ. Bí ọmọ mi bá purọ́, ẹ sọ fún mi, kí n mú un wá kó wá tọrọ àforíjì. Bí kò bá purọ́, ẹ dákun, ẹ bá wa sọ ọ́ fún wọn." Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún mi báyìí. Mo ní, "Bàbá, ẹ bá ọmọ yín wí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni." Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò pẹ́ tó mú Pamílẹ́rìn wá. Ó ní kó kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀ nítorí bàbá rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí epo ọ̀kadà ti rin. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Ojú tó fi wò mí kì í ṣe ojú ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ó mọ̀ mí, èmi náà mọ̀ pé ó mọ̀ mí. Ẹ sì mọ ohun tí mo ṣe? Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo ní mo ti dárí jì í. Mo gbàdúrà fún un, ọwọ́ tó fọ́ nǹkan rẹ̀ náà ni, bàbá rẹ̀ sì ń ṣe àmín.

Mo padà sílé, mo jẹun, mo sùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹni tó ṣe ibi kì í rí oorun sùn. Iyì mi tún pọ̀ sí i. Ó wá di ọjọ́ kan tí ìyá kan láti Aládé gbé rọ́bọ́ọ̀tì ọmọ rẹ̀ wá, ó ní ó há, ọmọ ń sunkún. Ó ní òun kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin tó ń tún fóònù ṣe, ọmọbìnrin náà kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, ó ní, "Ẹ gbé e lọ fún Alàgbà ní Odode. Àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n yí ní Ìdànrè." Mo gbà á. Mo gbìyànjú títí, mi ò rí i yí. Ìyá náà ń wò mí. Mo ní kó fi sílẹ̀, kó padà wá. Ó ti lọ tán, mo ṣì di nǹkan ọmọ ọlọ́mọ mú. Mo ti gba orúkọ tí kò tọ́ sí mi, mo sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, tí èmi ò sì lè ṣe é. Ìgbéraga mi gan-an ló kọ̀. Mo jẹ́ onígbèéraga o, mi ò sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ tèmi ni mo máa ń fi yangàn. Èyí kì í ṣe tèmi.

Mo gun ọ̀kadà, mo lọ sí Aládé. Ó ń tú fóònù kan, kò gbé orí sókè. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, òróró, oòrùn, gúlù. Ó ní, "Mo mọ̀, Bàbá. Mo gbóòórùn òróró yín nínú ìbàdí rẹ̀ lọ́jọ́ náà." Mo ní kí ló dé tí kò wí. Ó ní, "Ẹ̀yin wọ aṣọ funfun, èmi wọ jíìnsì. Ta ni wọ́n máa gbà gbọ́?" Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde. Ó ní, "Ẹ má bẹ̀ mí níbí, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ níbí. Ibi tẹ́ ẹ jókòó sí tẹ́ ẹ sọ tàkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ lọ jókòó sí. Èmi fúnra mi ni n ó di fóònù mú, kó má baà sí pé ẹnì kan gé e." Òun ló wà lẹ́yìn fóònù yìí. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Adésànyà àti Olúlékè jókòó lápá ibí, wọn kò lè wojú mi, bẹ́ẹ̀ èmi ló yẹ kí n má lè wojú wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kó nǹkan jọ, tí ẹ ń gbé ẹnu lé nǹkan lórí fóònù kiri, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ má bú ohun tí ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe. Bó bá ṣòro fún yín, ẹ ní ó ṣòro fún yín, kò sí àbùkù níbẹ̀. Bí ẹ bá fọ́ nǹkan ẹlòmíì, ẹ wí kó tó tutù, torí gbogbo ìgbà tí ẹ bá dákẹ́ ni ẹ ó tún nílò irọ́ tuntun láti fi ti èyí tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn. Bàbá Pamílẹ́rìn, ẹ ò bí òpùrọ́. Ọmọ tí ẹ bí yìí, bó bá jẹ́ tèmi ni, gbogbo òkè Ìdànrè ni n bá gùn kí n lè kígbe rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin ará Aládé, ẹ gbé fóònù yín padà fún un, ẹni tó mọ òórùn gúlù kò ní yọ nǹkan yín. Pamílẹ́rìn, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Mo ti sọ ọ́ tán.

Ẹ gbọ́ ohùn yẹn? Òun ni. Ó ní mi ò tíì sọ ọ́ tán. Ó ní gbogbo bí mo ṣe ń ka ẹ̀ṣẹ̀ mi látẹ̀ẹ̀kan, mi ò tíì sọ pé rọ́bọ́ọ̀tì náà dára. Ẹ wo ọmọ yìí. Ó jẹ́ kí n bú ara mi títí, kò dá mi dúró, kò sọkún, iye ìgbà tí mo ti dárúkọ gúlù kò kàn án. Èyí ló ń dúró dè. Ẹ fún mi láyè díẹ̀. Mo lè pe ara mi ní òpùrọ́ lójú gbogbo ayé, ẹ ti gbọ́ ọ, kò le tó báyìí. Ó dáa. Mo ra òmíràn láti Àkúrẹ́, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kọ́kọ́ fa ìbàdí rẹ̀ síta díẹ̀ bó ṣe wí, mo wá yí i. Pẹ̀lú ìka mi yìí náà. Ó yí. Mo tún un yí títí ìyàwó mi fi wá bi mí pé ṣé kò sí iṣẹ́ ni. Ó dára. Típà dára, ó ṣeé fi ṣeré ju gbogbo èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi lọ, ẹni tó sì sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí gbogbo wa ń bú u ló jàre. Ó ní kí n wo ojú fóònù kí n tún un sọ. Ó dára. Èmi Fọlọ́runṣọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀.